Ààbò Ọkọ̀ Ojú Òkun: Ṣé Ìbọn Nìkan Ló Kù?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá nínú ìwé ìròyìn wa lóṣù yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Wọn yóò ní, kí ló kan ará Ọ̀fà nínú ọ̀rọ̀ òkun? Àwa tí odò Ọ̀yun jẹ́ omi ńlá lójú wa, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì rí òkun rí àfi ìgbà tó lọ sí Èkó! Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ dé ọjà Owódé, kó wo òkìrìkà tí wọ́n kó kalẹ̀, kó wo páàtì mọ́tò, kó wo fìríìjì àlòkù, kó sì bi oníbúrẹ́dì léèrè ibi tí àlìkámà tí wọ́n lọ̀ di fúláwà rẹ̀ ti wá. Mọ́tò tí a ń pè ní tòkunbọ̀, orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ̀nà tó gbà wọlé. Ó ṣòro kí á rí ilé kan ní Ọ̀fà tí ẹrù ojú òkun kò sí nínú rẹ̀.

Ohun tó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ìbéèrè kan tí wọ́n bi wá, tí a kò sì lè dáhùn lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò wa nínú ẹgbẹ́ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ná àwọn èbúté ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ó wálé wá ṣọdún Iléyá. Lẹ́yìn àsálátù, nígbà tí a jókòó yí ká tí a ń mu kókó, ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí fún wa. Ó ní lóru ọjọ́ kan, òun ni ìṣọ́ kàn. Ilẹ̀ ti jìnnà sí wọn, òkùnkùn sì ṣú biribiri. Ó rí ọkọ̀ kékeré kan tí kò tan iná, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń dún kíkankíkan, ó ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ wọn láti ẹ̀yìn. Ó figbe ta. Àwọn ẹ̀ṣọ́ oníbọn tó bá wọn wọkọ̀ sáré jáde, wọ́n sì yìnbọn. Wọn kò yìn ín sójú ọ̀run. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ kékeré náà dákẹ́, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òkùnkùn sì gbé e mì. Ọ̀gá ọkọ̀ ní kí wọ́n máa lọ. Ilẹ̀ mọ́, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo figbe ta. N kò mọ̀ bóyá olè ni wọ́n, n kò mọ̀ bóyá apẹja ni wọ́n. N kò mọ̀ bóyá ẹnì kankan kú. Kí ni tèmi níbẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun?"

Ariwo sọ láàárín wa. Ẹnì kan ní kó fọkàn balẹ̀, olè ni wọ́n, ta ni í wa ọkọ̀ lóru láìtan iná? Òmíràn ní ìbá dára kí wọ́n ti pa gbogbo wọn tán. A kò lè dá ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Ará Ọ̀fà ni. Kò sí ẹni tó wà nílé lọ́jọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2018 tí yóò gbàgbé ọjọ́ náà. Àwọn adigunjalè kọlu àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n kọlu àwọn báńkì, ènìyàn tó lé ní 30 ló kú, àwọn ọlọ́pàá mẹ́sàn-án sì wà nínú wọn. Ẹni tó ti bá wọn gbé òkú aládùúgbò rẹ̀ kò ní etí tí yóò fi gbọ́ wáàsí nípa ẹ̀mí olè. Ṣùgbọ́n ìbéèrè àbúrò wa kì í ṣe bóyá olè jíjà burú. Ohun tó ń béèrè ni pé, bí a bá ń dáàbò bo ohun tó tọ́ kí á dáàbò bò, níbo ni ọwọ́ wa gbọ́dọ̀ dúró sí?

Kí á kọ́kọ́ sọ òtítọ́ nípa ibi tí àwọn ọlọ́ṣà ojú omi bá nǹkan dé, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé à ń gbè wọ́n lẹ́yìn. Apá òkun tiwa yìí ni wọ́n ń pè ní Gulf of Guinea. Ní ọdún 2020, àjọ International Maritime Bureau, tó máa ń ka irú ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí, sọ pé òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ 135 ni wọ́n jí gbé ní gbogbo òkun àgbáyé. Apá òkun tiwa yìí nìkan ni wọ́n ti jí 130 nínú wọn. Nígbà kan, epo inú ọkọ̀ ni àwọn ọlọ́ṣà wọ̀nyí máa ń fà lọ tà. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ènìyàn rọrùn láti gbé ju epo lọ.

Ẹ gbọ́ bí ó ṣe rí fún ọkọ̀ Mozart. Ọkọ̀ àwọn ará Tọ́kì ni, ó gbéra láti Èkó, ó ń lọ sí Cape Town. Ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 2021, nígbà tó kù nǹkan bí 100 máìlì ojú òkun kó dé erékùṣù São Tomé, àwọn ọlọ́ṣà gorí rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà, 19, ṣe ohun tí wọ́n kọ́ wọn: wọ́n sá wọ yàrá onírin tó wà nínú ọkọ̀, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́rí. Nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ni àwọn ọlọ́ṣà fi ń gé irin kí wọ́n tó wọlé bá wọn. Wọ́n pa ẹnì kan, ọmọ Azerbaijan, wọ́n kó 15 lọ, wọ́n sì fi mẹ́ta sílẹ̀ láti máa wa ọkọ̀ ńlá náà lọ sí Gabon. Oṣù kejì ni àwọn 15 náà tó gba ìtúsílẹ̀. Ẹ ronú sí wákàtí mẹ́fà yẹn. Kí ènìyàn jókòó sínú òkùnkùn, kó máa gbọ́ ayùn lára irin.

Ìwà yìí ní orúkọ nínú ẹ̀sìn wa. Hiraaba ni, kí ènìyàn fi ohun ìjà dènà de ọmọ ènìyàn lójú ọ̀nà, ìbáà ṣe ọ̀nà orí ilẹ̀ tàbí ti omi. Ẹni tó bá ka Suuratul Maaida, aaya 33, yóò rí bí ìyà tí Ọlọ́hun là sílẹ̀ fún un ti wúwo tó. Yóò sì rí i nínú aaya 34 pé ẹni tó bá ronú pìwà dà kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ yàtọ̀. Ànábì Muhammad, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sì ti jẹ́ kí á mọ̀ pé ẹni tí wọ́n pa níbi tó ti ń dáàbò bo dúkìá rẹ̀, ṣẹ̀ídì ni. Nítorí náà, kò sí ẹni tó ní kí àwọn onítọkọ̀ káwọ́ gbera. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ fikihi fi ààlà sí i. Wọ́n ní ohun tó fúyẹ́ jù lọ ni kí á kọ́kọ́ fi lé olè. Bí igbe bá tó láti lé e, a kò gbọdọ̀ nà án; bí igi bá tó, a kò gbọdọ̀ yọ idà.

Kí wá ni ohun tó fúyẹ́ lójú òkun? Ó pọ̀ ju bí a ti rò lọ, àbúrò wa ló sì là wá lóye. Àkọ́kọ́ ni eré. Ọkọ̀ tó bá ń sá kọjá nǹkan bí nọ́ọ̀tì 18, ó ṣòro púpọ̀ kí olè tó lè gùn ún, nítorí omi tí ọkọ̀ ńlá ń tú sẹ́yìn lè da ọkọ̀ kékeré nù. Ọkọ̀ tó dúró, tàbí tó ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ni olè fẹ́. Lẹ́yìn náà ni wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ń ta yí ara ọkọ̀ ká, nítorí àkàsọ̀ gígùn tó ní ìkọ́ lórí ni àwọn ọlọ́ṣà fi ń gùn ún. Wọ́n tún ní rọ́bà omi panápaná tó lè gbá ènìyàn dànù lórí àkàsọ̀. Iná ńlá wà tó ń mọ́ jìnnà, fèrè wà tí ariwo rẹ̀ ń lọ jìnnà, ẹni méjì tàbí mẹ́ta sì wà tó ń ṣọ́nà dípò ẹyọ kan. Ọkọ̀ tún lè máa yí gbirigbiri bí ejò kí ọlọ́ṣà má lè sún mọ́ ọn. Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, yàrá onírin wà.

Ohun kan tún wà tí àwọn onítọkọ̀ máa ń ṣe, tó pa wá lẹ́rìn-ín díẹ̀ tó sì tún bí wa nínú. Wọ́n ní kí ọkọ̀ má dúró sí ẹnu èbúté de ìgbà tí àyè yóò yọ, kí ó dúró jìnnà réré sínú agbami. Kí ló dé tí wọ́n fi ń dúró? Gbogbo wa la mọ Àpápá. Ìwé tó yẹ kó jáde lọ́jọ́ kan á di ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀nà á dí, kọ́ńténà kò ní lè jáde, ọkọ̀ tuntun kò sì ní lè wọlé. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì tó ń dá ìwé dúró nítorí ẹ̀gúnjẹ, ṣé ó mọ̀ pé òun ń so ẹran mọ́lẹ̀ fún ìkookò?

Bí a ti ń ro èyí, ìtàn kan nínú Suuratul Kahf sọ sí wa lọ́kàn. Gbogbo wa ló ń ka súrà náà ní ọjọ́ Jímọ̀, ṣùgbọ́n a kò rò ó sí ibi yìí rí. Ànábì Músá àti Kídírì wọ ọkọ̀ ojú omi kan, Kídírì sì da ọkọ̀ náà lu. Inú Ànábì Músá kò dùn sí i. Lẹ́yìn náà ni Kídírì wá là á yé e pé àwọn mẹ̀kúnnù ló ni ọkọ̀ náà, iṣẹ́ omi ni wọ́n fi ń jẹun, ọba kan sì wà níwájú tó ń fi agbára gba gbogbo ọkọ̀ tó bá dára. Ó fi àbùkù sí i lára kí ọba náà má baà gbà á. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ fífi agbára gba ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Ohun tó gbà wá lọ́kàn níbẹ̀ ni pé ààbò tí Ọlọ́hun fi ṣe àpẹẹrẹ fún wa, kò ta ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ pàdánù díẹ̀, pákó rẹ̀ bàjẹ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kù. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún, epo tí eré àsápajúdé ń jó, owó oṣù ẹni kẹta tó ń ṣọ́nà, owó ni gbogbo wọn ń ná oníṣòwò. Àbùkù pákó náà ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ fara mọ́ irú àdánù bẹ́ẹ̀, tó wá sáré lọ háyà ìbọn nítorí pé ìyẹn lówó lórí díẹ̀, ó ti fi ẹ̀mí ẹlòmíràn dí owó tirẹ̀.

Àwọn tó ń gbèjà ìbọn náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, a kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n ṣẹ̀sín. Wọ́n ní kí á wo Sòmálíà. Ní nǹkan bí ọdún 2011, ọwọ́ àwọn ọlọ́ṣà ibẹ̀ le débi pé ọkọ̀ ogun orílẹ̀-èdè púpọ̀ kóra jọ sí òkun náà. Àwọn ọkọ̀ oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹ̀ṣọ́ oníbọn dání, láàárín ọdún díẹ̀ sì ni ìjínigbé ọkọ̀ dínkù gidigidi. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n láàárín ìgbà náà gan-an ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Enrica Lexie ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 2012 ni, ní etíkun Kerala ní Íńdíà. Àwọn ológun Ítálì tó ń ṣọ́ ọkọ̀ epo náà rí ọkọ̀ kékeré kan tó ń bọ̀, wọ́n ní ọlọ́ṣà ni, wọ́n yìnbọn. Apẹja méjì ló kú. Ojúmọmọ ni, kì í ṣe òru. Àwọn tó sì yìnbọn náà, ológun tí ìjọba kọ́ níṣẹ́ ni wọ́n. Ẹjọ́ náà lọ títí di ọdún 2021 kó tó parí nílé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Íńdíà, lẹ́yìn tí Ítálì san 100 mílíọ̀nù owó rupee.

Ẹ wá gbé e wá sílé. Àwọn ará wa Ìlàjẹ ní etíkun Oǹdó, iṣẹ́ òkun ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n ń pẹja dé Kútọnu, wọ́n ń pẹja dé Kamẹrúùnù. Ọkọ̀ gígùn, ẹ́ńjìnì lẹ́yìn, ọkùnrin mẹ́fà méje nínú rẹ̀, àwọ̀n àti jẹ́rìkáànù. Láti òkè ọkọ̀ ńlá tó ga bí ilé alájà mẹ́rin, lóru, báwo ni yóò ṣe yàtọ̀ sí ọkọ̀ ọlọ́ṣà? Apẹja mìíràn a tilẹ̀ máa sún mọ́ ọkọ̀ ńlá láti kìlọ̀ fún un pé kó má fa àwọ̀n òun ya. Wọn kì í tan iná mìíràn nítorí pé àwọn ọlọ́ṣà ń ja àwọn náà lólè, wọ́n ń gba ẹ́ńjìnì wọn. Ẹni tí olè ń lé ló wá dà bí olè.

Ní ti orílẹ̀-èdè wa, ìjọba kò gbà kí ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kó oníbọn tirẹ̀ wọ inú omi wa. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, wọ́n mú ọmọ Rọ́ṣíà 15 ní Èkó nítorí ìbọn tó wà nínú ọkọ̀ wọn, Myre Seadiver. Inú àwọn oníṣòwò kì í dùn sí òfin yìí. Lójú tiwa, ó tọ̀nà, nítorí ìbọn tí kò ní ìjọba tí yóò jíhìn fún kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ọlọ́ṣà.

Ọ̀rọ̀ kò tíì tán síbẹ̀. Bí a bá mú ọlọ́ṣà láàyè ńkọ́? Ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ọkọ̀ ogun Dẹ́ńmáàkì kan, Esbern Snare, pàdé ọkọ̀ kékeré kan nínú agbami ní ìsàlẹ̀ Nàìjíríà. Ìbọn dún, mẹ́rin kú nínú àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kékeré náà, wọ́n sì mú mẹ́rin. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n mú fara gbọgbẹ́ débi pé wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n wá orílẹ̀-èdè tí yóò gba àwọn mẹ́ta yòókù, kí ó ṣẹjọ́ wọn. Wọn kò rí. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ kékeré kan, wọ́n fún wọn ní oúnjẹ àti epo, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Wọ́n gbé ẹlẹ́sẹ̀ kan náà lọ sí Copenhagen, ilé ẹjọ́ ní ó jẹ̀bi ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ṣùgbọ́n wọn kò fi ìyà kankan jẹ ẹ́. Àwọn kan nínú wa yin àwọn Dẹ́ńmáàkì, wọ́n ní àánú ni. Àánú kọ́. Àánú máa ń tẹ̀lé ìdájọ́ ni, kì í dípò rẹ̀. Bí olè ni wọ́n, wọ́n ti dá wọn padà sórí àwọn apẹja. Bí wọn kì í bá ṣe olè, ta ni yóò san ẹ̀jẹ̀ àwọn mẹ́rin tó kú?

Ìdí nìyẹn tí a fi gbà pé ààbò ọkọ̀ kò parí sí orí omi. Orí ilẹ̀ ni olè ń gbé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ra epo, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n jí gbé pamọ́ sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ná owó ìtúsílẹ̀. Títí di oṣù kẹfà ọdún 2019, Nàìjíríà kò ní òfin kan pàtó tó sọ pé olè ojú omi jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó dá dúró. Ọdún náà ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí i. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Port Harcourt dá àwọn mẹ́ta lẹ́bi nítorí ọkọ̀ Elobey VI, tí wọ́n gba 200,000 dọ́là lórí rẹ̀. Owó ìtanràn 20 mílíọ̀nù náírà ni wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan san. Ẹni tó jí adìẹ ní ìlú wa ń lọ sẹ́wọ̀n! Ṣùgbọ́n ní oṣù keje ọdún 2021, ilé ẹjọ́ ní Èkó rán mẹ́wàá lọ sẹ́wọ̀n ọdún 12 nítorí ọkọ̀ apẹja àwọn ará Ṣáínà, Hai Lu Feng 11, tí wọ́n gbà ní etíkun Côte d'Ivoire. Àwọn ológun ojú omi wa ló lépa wọn tí wọ́n sì gba ènìyàn 18 sílẹ̀. Ọdún 2021 kan náà ni ìjọba fi 195 mílíọ̀nù dọ́là gbé ètò Deep Blue dìde, pẹ̀lú ọkọ̀ àti bàálù tí yóò máa ṣọ́ omi wa. Ìṣẹ̀lẹ̀ tó jẹ́ 81 ní Gulf of Guinea ní ọdún 2020 dínkù sí 34 ní ọdún 2021. A kò lè sọ pé ohun kan ṣoṣo ló fà á. Ṣùgbọ́n ó hàn pé òfin àti adájọ́ wà nínú rẹ̀. Àwa ará Ọ̀fà náà dúró de tiwa: oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni ilé ẹjọ́ gíga ní Ìlọrin tó dájọ́ ikú fún àwọn márùn-ún nítorí ọ̀rọ̀ ọdún 2018. Ó pẹ́, ó sì dùn wá pé ó pẹ́. Síbẹ̀ adájọ́ gbọ́ ẹnu wọn kó tó sọ̀rọ̀.

Ẹnì kan lè wí pé ìṣẹ́ àti epo rọ̀bì tó ba odò jẹ́ ní Niger Delta ló sọ àwọn ọmọ náà di ọlọ́ṣà. Ìwádìí àjọ UNEP ní ọdún 2011 sọ pé omi àti ilẹ̀ Ògóni lè gba ọdún 25 sí 30 kó tó padà bọ̀ sípò. Ìyà gidi ni. Ṣùgbọ́n ọmọ Azerbaijan tí wọ́n pa nínú ọkọ̀ Mozart kọ́ ló da epo sódò wọn.

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ àbúrò wa. A kó ìbéèrè rẹ̀ lọ bá àwọn àáfáà, a sì jókòó tì í lẹ́ẹ̀mejì. Igbe tó ta, ojúṣe rẹ̀ ni. Ẹni tí ìṣọ́ kàn tó rí ewu tó dákẹ́, ó ti da àwọn tó ń sùn. Ní ti ìbọn, kì í ṣe òun ló yìn ín. Ìtánràn àṣìpa tó wà nínú Suuratun Nisaa, aaya 92, kò wọ̀ ọ́ lọ́rùn, nítorí kò sí ẹni tó mọ̀ dájú pé ẹnì kan kú. Ohun tó ṣe àwọn àáfáà ní háà nínú ìtàn náà, ọ̀tọ̀ ni. Wọ́n bi í pé, "Ṣé ẹ tan iná sí wọn lójú kí ẹ tó yìnbọn?" Ó ní rárá. "Ṣé ẹ fọn fèrè?" Ó ní kò sí àyè. "Nígbà tí ẹ́ńjìnì wọn dákẹ́, ṣé ọ̀gá yín fi rédíò sọ fún ìjọba etíkun tó sún mọ́ yín pé ọkọ̀ kan wà níbẹ̀ tí nǹkan ti ṣe?" Ó dákẹ́. A kò ní kí wọ́n padà lọ sáàárín àwọn tó lè ní ìbọn lọ́wọ́. Àwa náà yóò sá. Ṣùgbọ́n rédíò kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Òfin òkun gbogbo ayé sì ti sọ ọ́ di dandan kí ọ̀gá ọkọ̀ ran ẹni tó wà nínú ewu lójú omi lọ́wọ́, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti fi ọkọ̀ tirẹ̀ sínú ewu.

Àbúrò wa padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ó ní bí ìṣọ́ bá tún kan òun, iná ni òun yóò kọ́kọ́ tàn, òun yóò sì bẹ ọ̀gá ọkọ̀ pé kí ó fọn fèrè kí ó tó pe àwọn oníbọn. Kó tó lọ, ó mú owó wá pé kí á fi ṣe sàráà. Akápò wa bi í pé orúkọ ta ni kí òun kọ sílẹ̀ pé a ṣe é fún. Ó ní kó kọ ọ́ pé àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kékeré.